Ọkùnrin Tó Kọ́lé De Ẹyẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá kó wa lọ lo ìsinmi iléèwé lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìgbájọ, ohun kan wà tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́ lóru: igbe ẹyẹ kowéè. Bí kowéè bá ti ké, Ìyá Àgbà yóò dákẹ́ lórí àlọ́ tó ń pa fún wa, yóò ní kí a sún mọ́ ògiri, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò bóyá ara ẹnikẹ́ni kò yá. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó fojú rí ẹyẹ náà rí. Igbe rẹ̀ nìkan la mọ̀, igbe náà la sì fi sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀: ẹyẹ ikú ni.

Ọ̀rọ̀ kowéè yìí ló padà sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹyẹ òkun kan tí àwọn ará Bẹ̀múdà ń pè ní cahow, àti nípa David Wingate, ọkùnrin tó fi ohun tó lé ní 40 ọdún tọ́jú rẹ̀. Orúkọ cahow pàápàá, inú igbe rẹ̀ ni wọ́n ti mú un, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe fún kowéè. Bẹ̀múdà wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí etíkun North Carolina ní Amẹ́ríkà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn atukọ̀ ará Sípéènì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, igbe àti ìkérora á gba ojú sánmà kan, bí ẹni pé wọ́n ń dá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lóró nínú òkùnkùn. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Erékùṣù Àwọn Ànjọ̀nú. (Ẹlòmíràn ìbá túmọ̀ rẹ̀ sí Erékùṣù Èṣù, ṣùgbọ́n èmi kò ní í bá wọn di ẹrù yẹn lé Èṣù lórí.) Ẹyẹ ló ń ké, ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹyẹlé lọ, tí òkè rẹ̀ dà bí eérú, tí abẹ́ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì gùn tó nǹkan bí 90 sẹ̀ntímítà bí ó bá nà wọ́n.

Ẹ̀rù yẹn ló ṣe ọgbà yí àwọn ẹyẹ náà ká fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ará Sípéènì kò fẹ́ sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tú ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ lórí erékùṣù náà kí àwọn tí ọkọ̀ wọn bá rì ní àyíká ibẹ̀ lè rí ẹran jẹ, ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ànjọ̀nú. Cahow kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Inú ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́ isà sí, yóò sì yé ẹyin kan ṣoṣo lọ́dún sí ìsàlẹ̀ isà náà. Ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni kí ó fi imú tú ilẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1609, ọkọ̀ Sea Venture tó ń kó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Jamestown, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Amẹ́ríkà, forí sọ òkúta ní Bẹ̀múdà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì gúnlẹ̀ láàyè. Ọ̀kan nínú wọn, William Strachey, kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ó ní bí òru bá ti dúdú dáadáa, àwọn ọkùnrin á dúró sórí òkúta tàbí sí etí òkun, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín kèékèé, àwọn ẹyẹ náà á sì máa fò bọ̀ níbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn, títí wọn yóò fi bà lé ẹni tó ń pariwo lórí àti lápá. Ọkùnrin náà á wá máa gbé wọn wò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń gbé adìyẹ wò lọ́jà, èyí tó bá wúwo á di ti ìkòkò, èyí tó bá fúyẹ́ á jẹ́ kó lọ. Láàárín wákàtí méjì, ó ní, wọ́n lè mú 240. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ó sì máa ń ṣe mí bákan, nítorí ẹyẹ tó ń fò tọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín wá kò tíì pàdé ohun kankan láyé rẹ̀ tó yẹ kí ó sá fún.

Ní ọdún 1612 ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní tòótọ́, ajá, ológbò àti eku sì bá wọn wọlé. Ìyàn mú láìpẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n sì kó àwọn tí ebi ń pa lọ sí Cooper's Island tí cahow pọ̀ sí, wọ́n sì jẹ ẹ́ níbẹ̀ láìdiwọ̀n. Nígbà tó di ọdún 1616, gómìnà wọn ṣe òfin pé kí wọ́n yé ba ẹyẹ náà jẹ́, òfin tí wọ́n ń kà mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lápá ibẹ̀. Òfin ti pẹ́ jù. Kí ó tó di ọdún 1630, gbogbo ènìyàn ti gbà pé cahow ti run. Àwọn àgbà wa sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ní Bẹ̀múdà, ẹni tó ké lóru kọ́ ló pànìyàn. Òun gan-an ni wọ́n pa.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 330 ọdún tí ọ̀rọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, nǹkan díẹ̀díẹ̀ ń yọjú: ní ọdún 1906 ọwọ́ ba ẹyẹ kan tí wọ́n kò tètè dá mọ̀, ní 1935 ọmọ ẹyẹ kan fò lu ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà. Nígbà tó di oṣù Kínní ọdún 1951, Robert Cushman Murphy, onímọ̀ nípa ẹyẹ òkun láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, àti Louis Mowbray tó ń ṣe olórí ilé ẹja ìjọba ní Bẹ̀múdà, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo àwọn òkúta kéékèèké tó wà lẹ́nu Castle Harbour. Wọ́n mú ọmọkùnrin ẹni ọdún 15 kan dání nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹyẹ ni gbogbo ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Nínú pàlàpálá òkúta kan, wọ́n rí ẹyẹ tó sàba lórí ẹyin. Wọ́n fi okùn sí ẹnu ọ̀pá ọparun, wọ́n rọra fà á jáde, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Cahow ni. Ọmọkùnrin tó dúró tì wọ́n yẹn ni David Wingate.

Ó wù mí kí n mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn náà sọ̀rọ̀ tó. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ó parí ní ọdún 1957, ó sì padà wálé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ì bá jókòó síbẹ̀ wá iṣẹ́. Iṣẹ́ tó wá sílé wá ṣe kò tíì ní orúkọ, kò sì ní owó oṣù tó dúró. Ọdún 1966 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ohun àdáyébá erékùṣù náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn tó ti fẹsẹ̀ tẹ gbogbo òkúta tó wà níbẹ̀, ó ka tọkọtaya 18. Kò sí òmíràn ní gbogbo ayé. Àwọn òkúta tí wọ́n ń gbé, bí a bá da gbogbo wọn pọ̀, kò ju nǹkan bí hẹ́kítà kan lọ. Kì í ṣe pé ibẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Ibẹ̀ nìkan ni eku àti ẹlẹ́dẹ̀ kò dé. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ tí ẹyẹ lè gbẹ́ isà sí, nítorí náà inú ihò tí omi òkun gbẹ́ sára òkúta ni wọ́n ń yé sí, ihò yẹn sì ní onílé tirẹ̀.

Onílé ọ̀hún ni ẹyẹ funfun kan tí ìrù rẹ̀ gùn bí okùn, tí àwọn ará Bẹ̀múdà fẹ́ràn gidigidi, tí wọ́n ń pè ní longtail. N ó máa pè é ní abìrùgígùn. Òun náà jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹta ni ó máa ń dé láti ojú òkun wá yé, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọmọ cahow ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ẹyin, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀ nínú ihò lọ wá oúnjẹ lójú òkun. Abìrùgígùn á wọlé, á bá ọmọ kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, á sọ ọ́ pa, á sì gba ihò. Lọ́dọọdún, ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ cahow ń bá lọ nìyẹn.

Ká ní ọ̀tá ẹyẹ náà jẹ́ eku, iṣẹ́ ì bá rọrùn, nítorí májèlé wà, pańpẹ́ wà. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ ṣe fún ẹyẹ rere kan tó ń pa ẹyẹ rere mìíràn? Ìdáhùn tí wọ́n rí sí i kéré débi pé ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín: pákó kan tí wọ́n lu ihò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló kọ́kọ́ dá a lábàá ní àwọn ọdún 1950, Wingate sì gbé e dé ibi tó yẹ kí ó dé. Àyà abìrùgígùn fi díẹ̀ tóbi ju ti cahow lọ, ìyàtọ̀ náà kò ju mìlímítà díẹ̀. Bí wọ́n bá gé ihò pákó náà bí ó ti yẹ gẹ́lẹ́, tí wọ́n sì fi dí ẹnu pàlàpálá òkúta, cahow á gba ibẹ̀ wọlé, abìrùgígùn á kàn sọ orí síbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ihò bá fẹ̀ jù díẹ̀, ọmọ ẹyẹ á kú. Bí ó bá há jù díẹ̀, ìyá ẹyẹ kò ní í lè wọlé sùn. Nítorí náà Wingate ní láti máa lọ láti òkúta dé òkúta nínú ọkọ̀ ojú omi, nínú ìgbì oṣù Kínní, kí ó wọn pákó kọ̀ọ̀kan, kí ó fá a, kí ó tún un kàn. Láti ìgbà tí pákó yẹn ti dúró dáadáa ni pípa tí abìrùgígùn ń pa ọmọ cahow ti dópin pátápátá, àfi ibi tí pákó bá ti yẹ̀.

Àwọn ihò àdáyébá náà kò tó nǹkan, nítorí náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ihò. Ó ń kó yanrìn àti sìmẹ́ǹtì sínú ọkọ̀, ó ń rù wọ́n gòkè òkúta níbi tí kò sí èbúté, ó ń po wọ́n lọ́wọ́, ó sì ń mọ ọ̀nà abẹ́lẹ̀ gígùn kan tó yí kọ́ọ́nà, tí yàrá kékeré wà ní ìparí rẹ̀, tí ìdérí tó ṣeé ṣí wà lórí yàrá náà kí ó lè máa yẹ ẹyin àti ọmọ wò láìtú ilé wọn. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹyẹ tí kò tíì sí ni ó ń kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí fún, nítorí ọmọ cahow tó bá fò lọ sójú òkun kì í padà wá wá ọkọ tàbí aya títí ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà yóò fi kọjá.

Síbẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn òkúta náà kì í ṣe ibùgbé. Ìjì líle kan ṣoṣo lè gbá gbogbo wọn lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Nonsuch ti wọlé. Nonsuch jẹ́ erékùṣù tí kò ju hẹ́kítà mẹ́fà lọ, nítòsí àwọn òkúta náà. Wọ́n ti fi í ṣe ibi tí wọ́n ń ya àwọn tó ní àìsàn ibà pọ́njú sọ́tọ̀ sí, wọ́n ti fi í ṣe ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọkùnrin tó yàyàkuyà, ewúrẹ́ sì ti jẹ gbogbo ewéko orí rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ní àwọn ọdún 1940, kòkòrò kan tó bá igi òkèèrè wọ Bẹ̀múdà bo igi kédárì ilẹ̀ náà, èyí tí kò sí níbòmíràn láyé, ó sì pa ohun tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nígbà tí Wingate kó ìyàwó àti ẹbí rẹ̀ lọ gbé Nonsuch ní ọdún 1962, ohun tó kí wọn káàbọ̀ ni egungun igi tó dúró lóòró nínú afẹ́fẹ́ iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi yìí díẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti mú mi jù lọ nìyí. Kò sí cahow kankan lórí Nonsuch nígbà náà. Kò sí ìdí tí òṣìṣẹ́ tó ń wá kí ọ̀gá yìn ín ní òpin ọdún yóò fi lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pinnu láti sọ gbogbo erékùṣù náà padà sí bí ó ti rí kí ẹlẹ́dẹ̀ tó débẹ̀, kí igbó tí cahow mọ̀ lè wà níbẹ̀ de ọjọ́ tí cahow yóò nílò rẹ̀. Ó gbin igi kédárì, ó gbin ọ̀pẹ ìbílẹ̀ Bẹ̀múdà, ó gbin gbogbo igi àbáláyé tó lè rí irúgbìn rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ igi, ó sì ń pọnmi sí wọn. Afẹ́fẹ́ òkun ń pa wọ́n, nítorí náà ó kọ́kọ́ gbin casuarina, igi àjèjì tó tètè ń dàgbà, yí wọn ká kí ó máa dí afẹ́fẹ́ fún wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ onílé fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó wá pa àwọn àjèjì náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo mọ àwọn àgbà nílé wa tí wọ́n gbin obì nígbà tí eyín wọn ti ká tán, tí a bá sì bi wọ́n léèrè ta ni yóò jẹ ẹ́, wọn kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n obì, ó kéré tán, a mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan yóò wá ká a. Igbó ni Wingate ń gbìn fún ẹyẹ tí ó lè má wá rárá.

Ó sì ń bá a débi tí ọ̀pọ̀ kò ní í ronú dé. Akàn ilẹ̀ ti pọ̀ jù ní Bẹ̀múdà, wọ́n ń gbẹ́ ihò sí ibi gbogbo, títí kan pápá gọ́ọ̀fù, májèlé ni wọ́n sì ń dà lé wọn lórí. Wingate mọ̀ láti ara egungun àtijọ́ pé ẹyẹ kan, ìbátan lékeléke, ti gbé ibẹ̀ rí, tí akàn jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, tí ó sì run lẹ́yìn tí ènìyàn dé. Láàárín ọdún 1976 sí 1978 ó kó 44 ọmọ ẹyẹ tó sún mọ́ irú èyí jù lọ wá láti Florida, ó ń gé akàn fún wọn jẹ títí wọ́n fi mọ bí wọn yóò ṣe máa pa á fúnra wọn. Wọ́n ti di onílé ní Bẹ̀múdà báyìí. Ó tún dá ìṣáwùrú òkun ńlá kan tí wọ́n ti jẹ tán padà sínú omi ibẹ̀.

Ewu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò wá láti orí erékùṣù. Ní àwọn ọdún 1960, Wingate rí i pé ẹyin kò pa bí ó ti yẹ mọ́, àwọn ọmọ sì ń kú, bẹ́ẹ̀ ni pákó wà ní ipò rẹ̀. Ní ọdún 1968 òun àti Charles Wurster tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ńlá kan: wọ́n bá oògùn apakòkòrò DDT nínú ẹyin àti òkú ọmọ cahow, ìbísí wọn sì ń dín kù ní ìdá 3.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, débi pé bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kò ní í sí ọmọ kankan mọ́ nígbà tó bá fi di 1978. Ẹyẹ tí kì í jẹun níbòmíràn àfi láàárín agbami, tí kò ba lé oko ẹnikẹ́ni rí! Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó mọ Gàmálìn 20 dáadáa, àwọn kan sì dà á sódò láti fi pẹja, nítorí náà kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti lóye bí oògùn tí wọ́n fọ́n sí oko ṣe ń bá omi rìn dé ibi tí ẹni tó fọ́n ọn kò mọ̀. Ìwádìí náà wà lára ẹ̀rí tí wọ́n fi bá DDT jà, Amẹ́ríkà sì fòfin dè é ní 1972. Ìbísí ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra padà lẹ́yìn náà.

Ọ̀ràn òwìwí wá ń kọ́? Ní ọdún 1987, òwìwí funfun kan, irú èyí tó ń gbé ìhà àríwá tí yìnyín wà, ṣìnà dé Bẹ̀múdà. Àwọn ènìyàn yọ̀ sí i, nítorí ẹyẹ arẹwà ni, ó sì ṣọ̀wọ́n. Àárín àwọn cahow ló fi ṣe ilé oúnjẹ, ó sì pa márùn-ún nínú wọn, nígbà tí gbogbo cahow tó ń yé láyé kò tíì pé tọkọtaya 50. Wingate yìnbọn fún un. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ọkùnrin tí ẹyẹ jẹ́ ohun tó gbé ayé rẹ̀ ka orí, kí ó gbé ìbọn sójú ẹyẹ tí kò mọ̀ ju pé ebi ń pa òun! Àwọn kan bínú sí i, mo sì mọ ibi tí ìbínú wọn ti wá. Ṣùgbọ́n òwìwí funfun ní ẹbí rẹpẹtẹ ní ilẹ̀ rẹ̀, cahow kò sì ní ẹbí kankan níbòmíràn. Ẹni tó ti fi 30 ọdún ka àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ iye tí márùn-ún jẹ́. Èmi kò ní í dá a lẹ́bi, n kò sì ní í sọ pé ó rọrùn fún un.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2000. Nígbà yẹn, tọkọtaya cahow ti lé ní 50, igbó Nonsuch ti ga, ṣùgbọ́n kò tíì sí cahow kan tó yé ẹyin síbẹ̀. Jeremy Madeiros ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ìjì Fabian jà, ó sì wó ọ̀pọ̀ isà lórí àwọn òkúta náà, gẹ́gẹ́ bí Wingate ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ pípẹ́. Ọlọ́run ló yọ àwọn ẹyẹ náà, nítorí oṣù Kẹsàn-án ni, gbogbo wọn wà lójú òkun.

Láti ọdún 2004 dé 2008, Madeiros àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń gbé àwọn ọmọ cahow kúrò lórí òkúta lọ sí Nonsuch nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n fò. Àkókò náà ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ cahow kì í mọ ilé rẹ̀ títí yóò fi jáde lóru ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó lọ, tí yóò máa na ìyẹ́, tí yóò máa wo àyíká. Ibi tó bá wò nígbà yẹn ni yóò padà sí. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún wọn ní ẹja jẹ nínú àwọn isà sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rì sábẹ́ igi tí Wingate gbìn. Àwọn ọmọ náà fò lọ. Ní ọdún 2009, méjì nínú àwọn tó padà wá pa ẹyin kan lórí Nonsuch, ọmọ tó jáde nínú ẹyin náà sì ni cahow àkọ́kọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀ láti nǹkan bí 400 ọdún. Lónìí, gbogbo tọkọtaya tó wà ti kọjá 130.

Wọ́n ti fi kámẹ́rà tó ń ríran nínú òkùnkùn sínú isà kan níbẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó. Èmi náà wò ó ní ọ̀pọ̀ òru tí NEPA mú iná lọ, tí dátà mi sì ń jò bí agbè tó dá. Ìyá kan sàba nínú òkùnkùn, kò ṣe nǹkan kan fún wákàtí mẹ́ta, bàbá dé láti ojú òkun, wọ́n fi ẹnu ra ara wọn lórí, wọ́n sì ké. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ igbe náà nìyẹn, ó falẹ̀, ó rọlẹ̀, ó sì ga lójijì ní ìparí. Ọmọ mi obìnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jí, ó béèrè ohun tó ń ké, mo ní ẹyẹ ni, ó ní kí n yí i sókè kí òun gbọ́ dáadáa.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ọmọ inú isà náà ti sanra, irun ọmọdé ti ń gbọ̀n dànù lára rẹ̀, ó sì ń jáde lálaalẹ́. Ní òru ọjọ́ kan ó jáde, kò padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ọwọ́ ẹnìkan tó ṣí ìdérí, tó kó ìyẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù jáde, tó fi ọwọ́ nu ìsàlẹ̀ yàrá náà. Nọ́ńbà òrùka tí wọ́n fi sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè máa dá a mọ̀ ti wà nínú ìwé wọn. Ó da ìdérí padà, kámẹ́rà sì ń fi ihò òfìfo hàn wá.